Ojú Ìyá Ọkọ Mi Nínú Gáréèjì

Ìjì ló ká páànù ìsọ̀ mi lọ, ṣùgbọ́n n kò bá ìjì jà. Ìjì ò ní làákàyè. Kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, kò sì kí èèyàn kó tó wọlé. Àwọn tí mo ń bá jà ní làákàyè, wọ́n ní agbádá, wọ́n sì ní ilé tiwọn tí wọn kì í kó ẹrù sí.

Ọjọ́bọ̀ ni ìjì náà jà ní Ìjerò. Nígbà tí mo fi máa dé ọjà, mo wọ inú ìsọ̀ mi, mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí. Páànù mẹ́fà ti fò lọ. A rí méjì lórí igi máńgòrò, a ò rí mẹ́rin tó kù títí dòní. Obìnrin aláta tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra ní, "Ìyá Onígààrí, ẹ ti ṣí fèrèsé sókè báyìí, afẹ́fẹ́ á máa wọlé fún yín dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín. Bí n kò bá rẹ́rìn-ín, n ó gbé ata rẹ̀ dànù.

Gààrí àti èlùbọ́ ni mo ń tà. Ìpotì ni gààrí mi ti ń wá. Èlùbọ́ ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Ìjurìn tí wọ́n mọ bí a ti ń bó iṣu, tí wọ́n mọ bí a ti ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí oòrùn tó. Bí omi bá kán sí gààrí, èèyàn ṣì lè yára tẹ ẹ̀bà fún ará ilé. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí omi bá wọ̀, ó parí. Á dì bíi búlọ́ọ̀kù, á hu ewú, adìẹ gan-an á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tú u wò kó tó jẹ ẹ́. Àpò gààrí mẹ́rìndínlógún àti àpò èlùbọ́ mọ́kànlá ni ìjì bá nínú ìsọ̀ náà, gbogbo agbára mi lọ́dún yìí nìyẹn. Àánú Ọlọ́run ni pé òjò kò tẹ̀ lé ìjì yẹn. A kó gbogbo rẹ̀ sáàárín, a fi táńpólì bò ó, a gbé òkúta lé e. Káfíńtà ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́!

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mo ní gáréèjì.

Àwa tí a ní gáréèjì ládùúgbò wa kò pọ̀. Ọkọ mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa mọ́tò fún ìjọba ìbílẹ̀, ló kọ́ ọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, nígbà tó rò pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun á wa mọ́tò tòun. Ó ra Pijó kan lóòótọ́. Pijó náà lo ọdún méjì, ó kú, wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò kankan kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n páànù ibẹ̀ le, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, omi kì í kán níbẹ̀. Kò sí ibi tó dára jù ú lọ fún èlùbọ́ ní gbogbo Ìjerò. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kò sí ibi tí a ó gbẹ́sẹ̀ lé nínú rẹ̀.

Mo bá ọkọ mi ní gbàgede, ó ń gbọ́ rédíò.

Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ tún gáréèjì ṣe."

Ó ní, "Kí ló ṣe é?"

"Ó kún."

"Nǹkan tó bá dára ló ń kún."

Ṣé ẹ rí irú ọkọ tí Ọlọ́run fún mi? Mo fà á lọ́wọ́, mo ṣílẹ̀kùn fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i. Táyà mẹ́rin tó ti pá bí orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ kú, a ra èkejì, èkejì kú, a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìkejì rẹ̀ bí ìbejì. Pọ́ńpù tí bàbá rẹ̀ fi ń fín kòkó nígbà ayé rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní igi kòkó kan ṣoṣo mọ́. Mátíráàsì àwọn ọmọ wa tó wà ní Adó àti Ìbàdàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ra tuntun, wọ́n kó ògbólógbòó wá sílé fún Mọ́mì, àfi bí ẹni pé Mọ́mì ni ààtàn.

Mo nawọ́ sí táyà. "Èyí ńkọ́?"

"Ó máa wúlò."

"Fún mọ́tò wo?"

"Mọ́tò lè dé."

"Láti ibo? Ṣé ẹ gbìn ín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí rédíò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo pín ẹrù náà sí òkìtì mẹ́ta: ti onírin àlòkù, ti iná, àti èyí tí a ó lò. Bí mo bá ti wọlé lọ mumi, ọkọ mi á dìde wẹ́rẹ́, á fẹsẹ̀ ti táyà kan láti òkìtì onírin sí òkìtì èyí tí a ó lò, á sì padà jókòó bí ẹni tí kò kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí táyà kan náà padà. Nígbà kẹrin, mo jókòó lé e títí onírin fi dé.

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Ìjà gan-an wà lẹ́yìn, níbi ògiri, lábẹ́ aṣọ funfun kan tó ti di pupa. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi wà.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ní kí n purọ́ nítorí pé ó ti kú, kó wá ìwé mìíràn kà. Ìyá náà kò fẹ́ràn mi. Ó ní ẹnu mi ń gé ju àdá lọ, kò sì purọ́ níbẹ̀. Àpótí kékeré kan wà ní ibi ìdáná rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń jókòó lé. Bí mo bá ti fẹ́ fìdí kàn án, á ní, "Ìyàwó, àpótí yẹn lẹ́ni tó ni ín." N kò mọ ẹni tó ni ín títí tó fi kú. Ìdúró ni mo fi ń ro ẹ̀fọ́ ní ilé ìyá yẹn.

Nígbà tí ó kú, ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ní àwọn á ṣe é débi tí ojú á ti gbogbo Èkìtì. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta garawa ike, onídèérí, fún àwọn àlejò láti gbé relé fún ìrántí. Wọ́n tẹ àwòrán ìyá sí ara rẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tí èèyàn lè fi omi gbígbóná bó. Ara ike gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Fọ́tò tí wọ́n lò ni èyí tí ayàwòrán ti ní kó rẹ́rìn-ín, tí inú fi bí i. Gèlè rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ le. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Sùn un re o, Ìyá Àtàtà.*

Àlejò Èkó tí wọ́n ń retí kò wá. Ogóje garawa ló ṣẹ́kù. Ọjọ́ kejì ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pátápátá, ẹni tí a ń pè ní Bàbá wa, tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyàwó, bá wa tọ́jú wọn sí gáréèjì yín fún ìgbà díẹ̀."

Ọdún méje nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè wọn. Ẹni tó bímọ nígbà tí "ìgbà díẹ̀" yẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ìwé. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn gáréèjì láti mú ọkọ́ lásán, ogóje ìyá ọkọ á wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì fajú ro. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ọmọ rẹ̀!

Ọkọ mi rí i pé mo ń ṣí aṣọ funfun náà, ó pa rédíò. Ó ní, "Ìyá, má fọwọ́ kan ìyẹn o. Tí a bá da garawa yẹn nù, wọ́n á ní ìyá la dà nù. Pe Bùrọ̀dá ná."

Mo pè é lórí fóònù. Mo ṣàlàyé ìjì, mo ṣàlàyé páànù, mo ṣàlàyé èlùbọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wúkọ́ bí alàgbà.

Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe ohun tí à ń sọ lórí fóònù. A ó pe ìpàdé ẹbí."

"Ìgbà wo ni, Bàbá wa?"

"Tí àwọn tó wà lókè òkun bá wálé fún Kérésì."

"Bàbá wa, oṣù karùn-ún la wà yìí."

"Ìyàwó, ṣe sùúrù. Ìyá náà ní sùúrù."

Ìyá wo ló ní sùúrù? Ẹni tí kò lè dúró kí iyán tutù!

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, obìnrin tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe wá ra gààrí nílé. Ó rí àwọn garawa tí mo tò sí gbàgede kí n lè rí ilẹ̀ gbá. Ẹnu rẹ̀ là.

Ó ní, "Ẹ̀yin Ìyá, gbogbo garawa wọ̀nyí! A ò ní garawa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ o. Àwọn ọmọ Ọlọ́run ti jí gbogbo rẹ̀ tán."

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Omi ni, Mà. Omi ni a máa fi pọn."

Mo fún un ní ọgbọ̀n. Mo fi dandan lé e pé kó gba ọgbọ̀n, torí mẹ́fà ló fẹ́. Nígbà tó gbé wọn lọ, inú mi dùn. Mo ní, ta ló máa bínú pé wọ́n gbé ìyá òun lọ sílé Ọlọ́run? Ohun tí n kò bi í léèrè ni pé omi wo. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì gbà á. Èmi tó máa ń bi oníbàárà léèrè bóyá àlejò ló fẹ́ se èlùbọ́ fún ni àbí ọkọ, n kò bi obìnrin yẹn léèrè ibi tí omi ń lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìwàásù ni Bàbá wa dìde láti ìjókòó àwọn alàgbà, ó gba ẹ̀yìn jáde. Kò pẹ́ tó fi padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká agbádá mọ́ra, ojú rẹ̀ dà bí ti ìyá rẹ̀ lára garawa gẹ́lẹ́. Mo rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni. Kò pẹ́ ni fóònù ọkọ mi gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó tì í sí mi lọ́wọ́.

Bàbá wa ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Wasáàpù ẹbí. Ilé ìgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Yàrá mẹ́ta, ìlẹ̀kùn mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀, ìyá ọkọ mi jókòó ti ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi, ó ń dúró de ẹni tó kàn. *Sùn un re o, Ìyá Àtàtà.*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé orin bo ẹnu, èjìká mi ń gbọ̀n, obìnrin tó wà lẹ́yìn mi rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, ó ní "Gbà á, Ìyá!" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀rù tẹ̀ lé e. Ìbínú ló dé kẹ́yìn, òun ló sì jókòó.

Mo ti háyà pikọ́ọ̀pù pé lẹ́yìn ìsìn kó lọ kó àpò mi láti ọjà. Gáréèjì ti mọ́ féfé. Mo ti tò àádọ́fà garawa tó kù sí ìlà mẹ́ta níbi ògiri, mo kọ ojú wọn sí ògiri kí n lè mí. Mo dúró lọ́jà títí awakọ̀ fi kẹ́rù tán. Nígbà tí a máa fi délé, ẹbí ọkọ mi ti pé síbẹ̀: Bàbá wa, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé Aramọkọ, tó ti ń sunkún láti ọ̀nà, àti àwọn àgbà méjì tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa mi orí.

Ibo ni wọ́n wà? Inú gáréèjì! Wọ́n gbé àga láti pálọ̀, wọ́n jókòó yíká sáàárín ilẹ̀ tí mo fi ọjọ́ méjì gbá. Wọ́n ní ibẹ̀ tutù, ó sì mọ́. Ọkọ mi jókòó sí igun kan bí ẹni tí wọ́n mú.

Awakọ̀ ní òun ní ẹrù mìíràn láti gbé, kò lè dúró. Ó kó àpò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n mi sílẹ̀ sí gbàgede, lábẹ́ ọ̀run, ó lọ. Táńpólì wà lọ́jà. Mo wo ojú ọ̀run lápá Ẹ̀fọ̀n, ó ti dúdú.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ní ọmọ ọmọ márùn-ún, ìyàwó ṣì ni wọ́n ń pè mí nínú ilé yẹn, ìyàwó sì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mo jẹ̀bi. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n á gbé wọn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù mi wọlé, kí n wá jẹ gbogbo ẹjọ́ yín. Òjò ń bọ̀."

Bàbá wa ní, "Ẹrù kankan kò níí wọ ibí yìí títí ìyá mi á fi pé. Ogóje ni mo fún ọ tọ́jú."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ìyá mi! Nínú ulé ìgbẹ́! Ìyàwó, kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́?"

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa. Àádọ́fà ló kù lẹ́yìn yín yẹn. Bàbá wa, mélòó ni kí wọ́n gbé wá sílé yín?"

Ó ní, "Ilé tèmi ò láyè."

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì o! Ó ń fi yàrá kan sin ehoro.

"Ẹ̀yin Àǹtí Aramọkọ ńkọ́? Ogún péré."

"Ọkọ mi kì í fẹ́ rí àwòrán òkú nílé."

"Òkú kẹ̀? Mo rò pé ìyá ni!"

Àwọn àgbà méjèèjì mi orí. Mo yíjú sí wọn. "Ẹ̀yin náà, ẹ fi mímì orí yẹn sílẹ̀, kí ẹ gbé márùn-ún-márùn-ún." Orí dúró jẹ́ẹ́.

Mo ní, "Ọdún méje ni mo fi fún ìyá yín ní yàrá. Ìgbà tó wà láyé, kò fún mi ní àpótí. Kò sẹ́ni tó wá kí i. Kò sẹ́ni tó wá nu eruku ojú rẹ̀. Ìgbà tó dé ilé ìgbẹ́ ni ẹ tó mọ̀ pé ẹ ní ìyá!"

"Ẹnu rẹ!" ni Bàbá wa wí. "Ẹnu rẹ ni ìyá máa ń sọ!"

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lu páànù bí ẹni sọ òkúta. Mo sáré jáde. Mo dì mọ́ àpò èlùbọ́ kan, kò mì. Mo fa ìborùn mi yọ, mo tẹ́ ẹ lé àpò méjì. Kí ni ìborùn lè ṣe? Mo ń pariwo, n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn èèyàn yẹn jókòó síbi gbígbẹ, lórí àga mi, wọ́n ń wo òjò tó ń ba ọjà mi jẹ́. Bàbá wa tún fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí omi má baà ta sí bàtà rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ dìde."

Bàbá wa ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ dìde. Àga yín wà lójú ọ̀nà èlùbọ́."

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ kí ó sọ irú rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bàbá wa dìde bí ẹni tí àga jó. Ọkọ mi gbé àga náà sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ inú òjò, ó gba àpò ní ìdí, mo gbà á lórí. Nígbà tí a gbé àpò kẹta wọlé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà bọ́ agbádá, ó bá wa gbé e. Àǹtí Aramọkọ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń sunkún, ó ń gbé gààrí.

A gba gààrí là. Èlùbọ́ ni mo ń wò. Nínú mọ́kànlá, márùn-ún ti fa omi láti ìdí. Ìdajì òkè gbẹ, ìsàlẹ̀ ti ń dì. Bí a kò bá yọ gbígbẹ kúrò lórí tútù kíákíá, gbogbo rẹ̀ á lọ. N kò sì ní àpò mìíràn nílé.

Ọkọ mi wo ògiri. Ó lọ síbẹ̀, ó yí garawa kan padà, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú ìyá rẹ̀, ó ṣí dèérí.

Ó ní, "Dà á síbí."

Àǹtí ní, "Ẹ fẹ́ da èlùbọ́ sínú ìyá mi?"

Mo ní, "Àǹtí, èlùbọ́ àti omi ilé ìgbẹ́, ẹ mú ọ̀kan."

Òun ló bá mi di dèérí.

Garawa mẹ́rìnlélógún la fi kó gbígbẹ náà. Tútù, mo dà á fún adìẹ, ẹkún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, títí dòní. Bàbá wa dúró kí òjò dá, ó ní kí n rí i dájú pé wọ́n kó ìyá òun kúrò níbi tó wà. Mo ní kó lọ kó o fúnra rẹ̀. Ó lọ lóòótọ́. Ó kó mẹ́ta náà láti ilé ìgbẹ́ lọ sílé rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mẹ́ta yẹn nìkan ló gbé relé rí. Mo gbọ́ pé ehoro ló ń fi pọnmi fún.

Káfíńtà parí ìsọ̀ lọ́sẹ̀ karùn-ún. Ẹrù mi ti padà sọ́jà, garawa sì tẹ̀ lé e, nítorí mo rí i pé èlùbọ́ inú wọn kò ní kòkòrò kan. Mo tò wọ́n síwájú ìsọ̀, mo kọjú wọn síta. Ìyá ń fajú ro sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ná ọjà jù. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ fìdí lé orí ọ̀kan nínú wọn.

Mo ní, "Ẹ má jókòó síbẹ̀ o. Garawa yẹn lẹ́ni tó ni ín."

Lẹ́yìn tó lọ, èmi fúnra mi jókòó lé e.